ÌKIRI KÌ Í ṢE ILÉÈWÉ ÒWÒ

 

Ìwé ti oṣù yìí gùn ju èyí tí a máa ń pín lọ. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ó kà á sí i létí. Bí ọmọ náà kò bá lè kà á nítorí pé láti àárọ̀ ló ti ru àwo jáde, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti dé ilé yín kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí ìpàdé tó kọjá. Ẹgbẹ́ fẹnu kò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tó ń bọ̀, a ò fẹ́ rí ọmọbìnrin tó yẹ kó wà ní kíláàsì kí ó máa kiri nínú ọjà wa láàrin aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ iléèwé, ì báà jẹ́ ọmọ wa, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Kí a tó tú ká ni ariwo ti sọ. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ fẹ́ fi oúnjẹ ẹnu wọn ṣeré. Àwọn kan ní ṣé ìwé la ó sè jẹ ni. Ìyá àgbà kan dìde, wọ́n ní, "Ìkiri la fi tọ́ wa, ìkiri la fi mọ òwò, ta ló kú nínú wa?" Ọ̀pọ̀ èèyàn sì pàtẹ́wọ́. A ò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà torí àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n a ní láti dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ni ọmọ tó ń kiri láyé àtijọ́ ń kọ́? Ìyá rẹ̀ ló ń bá tà. Ó bá ìyá rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ra ọjà, ó mọ iye tí wọ́n rà á, ó mọ iye tí wọ́n ní kó tà á, ó mọ ibi tí yóò dúró sí bí oníbàárà bá ń ná an. Tó bá dé, wọ́n jọ ka owó. Bí èrè bá wà, wọ́n á yọ díẹ̀ fún un, á fi lé alájọ lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ á ní igbá tirẹ̀. Iléèwé òwò nìyẹn lóòótọ́, a ò jiyàn.

Ẹ wá wo ti òní. Ọmọ ọdún mọ́kànlá gbé piọ́ wọ́tà lérí ní Boundary. Iye tí wọ́n ra àpò kan, kò mọ̀. Iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan, gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kì í ná an. Kí ló wá ń kọ́? Eré sísá ló ń kọ́. Ó ń kọ́ bí a ti ń sá tẹ̀lé dáńfó tó ti ṣí, bí a ti ń na ọwọ́ gba owó lójú fèrèsé kí dírẹ́bà tó fi í sílẹ̀ lọ. Ó ń kọ́ èébú lẹ́nu àwọn kọ̀ndọ́. Tó bá di alẹ́, á kó owó fún ọ̀gá, wọ́n á kà á, tó bá dín, igbájú ni. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é, kò lè sọ iye èrè tó wà lórí àpò kan. Ẹni tí kò mọ iye tí a ra ọjà kò kọ́ òwò. Aláàárù ni. Ẹ dákun, ẹ má fi orúkọ òwò pè é.

Àwa tí a wà ní ẹ̀gbẹ́ Àpápá tún mọ ohun mìíràn. Ẹ rántí àwọn ọdún tí tírélà àti tánkà sọ ojú títì wa di gáréèjì, láti Tin Can dé Mile 2, láti Wharf Road dé Ìjọrà, tí dírẹ́bà ń sun inú ọkọ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà wọlé láti orí fóònù ní 2021. Ta ló ń gbé omi àti oúnjẹ lọ fún wọn láàrin táyà sí táyà? Ọmọbìnrin ni. A ò ní kọ gbogbo ohun tí a mọ̀ síbí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín gba oyún wálé láti ibẹ̀ mọ ara yín, a ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó gbé igbá ọ̀gá lérí kò lè sọ fún oníbàárà pé rárá, nítorí owó ọ̀gá wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ ro ìyẹn dáadáa kí ẹ tó sọ pé ìkiri kò pa ẹnikẹ́ni.

Ìjà orí ìkiri yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1943 ni ìjọba òyìnbó ṣe òfin lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Nígbà tó di 1946, wọ́n mú un dé ojú títì: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ kiri mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọbìnrin tó gbé igbá. Àwọn ìyá ọlọ́jà ìgbà náà kò gbà, wọ́n ní òyìnbó kò mọ bí a ti ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi tiwọn ṣe àwíjàre lónìí, ẹ má gbàgbé bí ayé ti rí nígbà náà. Iléèwé kò pọ̀, èyí tó sì wà, owó ni. Queen's College tí ìjọba ṣí fún ọmọbìnrin ní 1927, àwọn obìnrin Èkó bíi Oyinkan Abayomi ló sáré owó kiri nítorí rẹ̀, ọmọ tálákà mélòó ló sì rí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọ̀? Òyìnbó ní kí ọmọ gbé igbá sílẹ̀, kò sì gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Àwọn ìyá wa jàre. Ká ní a wà níbẹ̀, àwa náà á kọ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà ti yí padà. Ẹ̀yin àgbà mọ ìdí tí à ń fi pe Boundary ní Boundary. Ààlà Èkó àti Western Region ni, kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó dé ní 1967: Àpápá wà lápá kan, Ajégúnlẹ̀ wà lápá kejì lábẹ́ Ìbàdàn. January 17, 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé ọ̀fẹ́ ní Western Region. Púpọ̀ nínú wa tó lè kọ orúkọ ara wa sínú ìwé ẹgbẹ́ lónìí, ìwé mẹ́fà ọ̀fẹ́ yẹn ló ṣe é. Jákàńdè dé ní 1979, ó kọ́ kíláàsì káàkiri, ó sì fòpin sí pé kí àwọn kan lọ láàárọ̀, kí àwọn kan lọ lọ́sàn-án. Ní 2004, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin UBE: ọdún mẹ́sàn-án, láti praimárì kìíní títí dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni. Òfin náà ní òbí tó bá kọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Ẹ bojú wo Tolu, ẹ ka iléèwé tó wà nínú ọgbà kan ṣoṣo yẹn. Àwíjàre 1946 ti tán pátápátá.

Ẹ ó ní ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni. Yunifọ́ọ̀mù, bàtà, báàgì, ìwé, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, lẹ́sìnnì. Ohun kan sì tún wà tí a kì í sọ ní gbangba: ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, tí kò sí owó páàdì, á jókòó sílé lóṣooṣù títí yóò fi parí. Tó bá fi di òpin táàmù, ìṣirò ti fò ó kọjá, á ní iléèwé sú òun, ẹ̀yin náà á ní orí rẹ̀ kò gbé ìwé. Orí rẹ̀ gbé e, páàdì ni kò sí. A máa dé orí ọ̀rọ̀ owó nísàlẹ̀.

Ní ti òfin ìkiri, àwọn aláṣẹ náà ní ẹjọ́ láti rò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ lo ọmọdé láti kiri ọjà lójú títì. Ní July 2016, Gómìnà Ambode kéde pé ẹni tó bá kiri àti ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn bá dé, ta ni wọ́n ń lé? Ọmọ tó gbé igbá ni. Wọ́n da ọjà rẹ̀ nù, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bàtà sá wálé. Ẹni tó rán an jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ka owó. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ìkiri dópin, kí wọ́n wá bá àwa tí a ń rán ọmọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ wá láti Kútọnú, láti Tógò, láti Kàlàbá, ẹ̀yin la wá kọjú sí. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ ó fi sí iléèwé. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, igbá lẹ gbé kà á lórí. Tiyín wà nínú yunifọ́ọ̀mù, tiẹ̀ wà nínú oòrùn. Òfin 2015 tí NAPTIP ń lò sọ pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sí iṣẹ́ ilé, ẹ̀wọ̀n ló yẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ kò ní lọ tú ilé ẹnikẹ́ni wò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé, ẹ má retí pé ẹgbẹ́ máa bẹ ọlọ́pàá fún yín.

Ẹ tún ń béèrè pé kí ni ìwé fẹ́ ṣe fún ẹni tó máa padà wá tà ata. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ pààrọ̀ owó, tí tuntun kò sí, tí àtijọ́ kò ṣe é ná, tí gbogbo ọjà di tránsífà. Ta ni ayédèrú álàátì pa jù? Oníbàárà á na fóònù sí ọ, á ní, "Màmá, ó ti wọlé." Ẹni tó mọ̀wé wo báláǹsì rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé wo ojú oníbàárà. Àwọn tí ọmọ wọn obìnrin jókòó tì wọ́n nídìí ìsọ̀ tó ń ka álàátì ni kò pàdánù lọ́sẹ̀ yẹn. Ká má tíì sọ ti nọ́ńbà NAFDAC, ti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, ti ìwé tí aṣojú wa ní wọ́ọ̀fù ń gbé wá pé kí a fọwọ́ sí. Òwò òní, ìwé ni.

Àwọn kan á ní, "Àlímótù Pelewúrà ńkọ́?" Ẹja ni wọ́n ń tà ní Ẹrẹ́kọ, wọn kò kàwé, síbẹ̀ àwọn ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ọlọ́jà Èkó títí wọ́n fi kú ní 1951. Ní 1940 tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ, àwọn ló kó obìnrin jáde títí ìjọba fi sún un dé £200. Òótọ́ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi bá ìjọba jà: lẹ́tà àti ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíràn ló ní láti kọ ọ́ fún wọn, ẹlòmíràn ló ní láti ka èsì sí wọn létí. Wọ́n rí èèyàn gidi tó bá wọn kọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń bá yín tẹ nọ́ńbà àṣírí káàdì yín nídìí POS?

A ò sọ pé ìwé nìkan ti tó. Ajégúnlẹ̀ kún fún ọmọbìnrin tó ní WAEC tó jókòó sílé. Ó yẹ kí iṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀lé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ bí a ti ń kọ́ ọ níbí. Ọmọ ọdún 12 kúrò níléèwé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, wọ́n kọ ìwé ọdún mẹ́ta. Ọdún kìíní, ó ń pọn ọmọ ọ̀gá, ó ń pọnmi, ó ń lọ ra ìrẹsì. Ọdún kejì, ó ń gán etí aṣọ, ó ń rán bọ́tìnnì. Gígé aṣọ, tí í ṣe ojúlówó iṣẹ́, ọ̀gá kì í fi hàn án, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé yóò lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú òun. Ọdún kẹta, ọ̀rọ̀ fírídọ̀mù dé: owó ọ̀gá, pálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìrẹsì, kánópì, aṣọ ẹbí. Fírídọ̀mù kì í ṣe ìgbéyàwó o, ẹ̀yin èèyàn wa! Ọmọ tí kò rí owó náà á dúró bí òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tàbí kó jáde láìní ìwé ẹ̀rí, tàbí kó wá ọkùnrin tó máa san án. Lára ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ọ̀gá ni yín. Ẹ mọ̀ pé a ò parọ́.

Kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé aṣọ rírán àti irun dídì nìkan ni? Iṣẹ́ iná ńkọ́, títún fíríìjì ṣe, títún fóònù ṣe, sólà, tílẹ́ẹ̀sì? Àpápá wà níwájú wa pẹ̀lú kọntéénà àti ọ́fíìsì rẹ̀, ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ kò sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ ju kó ta oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Láti 2007 tí 'Gbenga Sesan àti Paradigm Initiative ti bẹ̀rẹ̀ Ajegunle.org, tí wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà àti bí a ti ń ṣe òwò, a ti rí i pé ọmọ tiwa lè mọ̀ ọ́n. Abisoye Ajayi-Akinfolarin kọ́ àwọn ọmọbìnrin Mákòko ní kọ̀ǹpútà títí CNN fi kà á mọ́ akọni wọn ní 2018. Mákòko kò sàn jù wá lọ. Ìjọba Èkó náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ ní Agídìngbí, ní Ìkòtún, ní Ìkòròdú, ní Ado Soba, ní Odòmọlá. Kò sí ti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wá gba ìbò wa dáhùn èyí.

Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. Tí ìbò bá kù díẹ̀, wọ́n á ta kánópì, wọ́n á pè é ní "ẹnpáwámẹ́ǹtì". Wọ́n á pín ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ tí kò rán aṣọ rí, wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun fún ọmọ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní iná. Wọ́n á ya fọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀rọ náà ti dé ìsọ̀ àwọn tó ń ra tòkunbọ̀, wọ́n ti tà á ní ìdajì owó. Ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ ẹbí lọ jó níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́ kí ẹ tó fún un ní ẹ̀rọ? Ní Abẹ́òkúta ní 1944, ọlọ́jà kan fẹ́ mọ ìwé kà. Funmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pín ẹ̀rọ ìlọta fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ń kọ́ ọlọ́jà ní ìwé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ti owó orí àti ti ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ní 1946 wọ́n di ẹgbẹ́ ńlá, nígbà tó sì di January 1949, Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn olóṣèlú fi fẹ́ràn kí wọ́n máa pín ẹ̀rọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ká ní 300 nínú wa bá ń dá ₦200 lọ́sẹ̀, ₦60,000 nìyẹn. Ní táàmù ọ̀sẹ̀ 12, ó di ₦720,000. Owó tí à ń ná lórí aṣọ ẹbí òkú ẹyọ kan ju ₦200 ọ̀sẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Owó náà á wà fún yunifọ́ọ̀mù, ìwé àti páàdì ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ kò ní, ti opó ṣáájú, ti ọmọ ọ̀dọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Àkàǹtì rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́, èèyàn mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí i, a ó sì máa ka ìṣirò rẹ̀ jáde níparí táàmù kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọmọ iṣẹ́: ọ̀gá tó bá wà nínú ẹgbẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gba ọmọbìnrin tí kò tíì parí JSS 3, àyàfi ní ọ̀sán lẹ́yìn iléèwé tàbí nígbà họlidé. Ìwé àdéhùn á jẹ́ méjì, ọ̀kan á wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, a ó kọ iṣẹ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà sínú rẹ̀, gígé sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ọdún kejì tó parí. Ọjọ́ kan lọ́dún ni ẹgbẹ́ á ṣe fírídọ̀mù gbogbo wọn pọ̀, láìsí kánópì aládàáni.

Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tó wà ní ìlà rẹ̀ sílẹ̀ títí Sátidé: orúkọ, ọjọ́ orí, kíláàsì tí wọ́n wà tàbí èyí tí wọ́n ti kúrò, ẹni tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ má fo ọmọ ọ̀dọ̀. Olórí ìsọ̀ tí kò mọ̀wé kọ, kí ó wá rí wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn aago mẹ́rin, a ó bá a kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí a tó pàtẹ, a ó gba ₦200 àkọ́kọ́. Ẹ mú káàdì ẹgbẹ́ yín dání.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, fún gbogbo ìgbìmọ̀.